Aago GPS fún eré sísá: Kí ló yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó náwó?

Ní Libreville, olú-ìlú Gabon, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí àkókò rẹ̀ padà. Ìlú náà súnmọ́ ìlà tó pín ayé sí méjì tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé, láti oṣù Kínní títí dé oṣù Kejìlá, oòrùn kì í wọ̀ ṣáájú aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kì í sì í pẹ́ kọjá aago méje kó tó wọ̀. Fún òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní àdúgbò Venez-Voir, orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ láti èdè Faransé jẹ́ "Ẹ wá wò ó", àkókò méjì péré ló dára fún eré sísá: ìdájí, kí oòrùn tó mú, tàbí ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó bá ti wọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ yìí gan-an ni ojú ọ̀run agbègbè náà máa ń da àmì sátẹ́láìtì láàmú jù. Ẹ kò ní rí èyí kà lára páálí tí wọ́n ń kó aago sí. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní dá aago rẹ̀ padà fún olùtà láìnídìí, kò sì ní fi owó oṣù mẹ́ta ra ohun tí kò nílò.

Eré sísá fún ìlera kì í ṣe àjèjì mọ́ ní àwọn ìlú ńlá wa. Láti ọdún 2013 ni Libreville ti ní eré ìje Marathon du Gabon. Èkó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2016, tí àwọn sárésáré gbéra láti iwájú pápá ìṣeré National Stadium ní Sùúrùlérè, tí wọ́n sì sá a dé Eko Atlantic. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kópa nínú irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ ehoro tó ń lé ẹ̀bùn owó. Olùkọ́ ni wọ́n, oníṣòwò, nọ́ọ̀sì, awakọ̀. Àwọn wọ̀nyí ló sábà máa ń béèrè pé aago wo ni kí àwọn rà.

Owó ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Forerunner 55, ọ̀kan lára àwọn aago tí ilé-iṣẹ́ Garmin ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, jáde ní ọdún 2021 ní 199.99 yúrò. Yúrò kan kì í yẹ̀ kúrò ní 655.957 fáráǹkì CFA, yálà ní Gabon, ní Benin tàbí ní Togo. Ìyẹn ni pé iye aago náà tó nǹkan bí 131,000 fáráǹkì, kí a tó ka owó ẹrù àti owó ibodè mọ́ ọn. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ní Benin jẹ́ 52,000 fáráǹkì láti ọdún 2023, ti Togo sì jẹ́ 52,500. Ní Nàìjíríà, níbi tí owó oṣù tó kéré jù ti jẹ́ 70,000 náírà láti ọdún 2024, bí a bá ṣírò dọ́là kan sí 1,500 náírà, aago tó jẹ́ igba dọ́là yóò tó 300,000 náírà. Èyí sì ni àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń pè ní olówó pọ́ọ́kú.

Ìbéèrè wo lẹ fẹ́ kí aago náà dáhùn?

Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀: Garmin ni àbí Apple, Coros ni àbí Polar. Ó sàn kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó fẹ́ mọ̀. Bí ìbéèrè náà bá jẹ́ "Báwo ni ibi tí mo sá dé ṣe jìn tó, báwo ni mo sì ṣe yára tó?", ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo aago eré sísá tó jáde láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ló lè dáhùn rẹ̀ dé ìwọ̀n tó tẹ́ sárésáré lásán lọ́rùn.

Owó gọbọi kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé aago péye. Pace 3 tí ilé-iṣẹ́ Coros gbé jáde ní ọdún 2023 jẹ́ 229 dọ́là nígbà tó jáde, kò wúwo ju nǹkan bí ọgbọ̀n gíráàmù lọ bí ọ̀já rẹ̀ bá jẹ́ ti aṣọ, ó sì ní ìlànà gbígba ìgbì méjì tí a máa tó ṣàlàyé. Ohun tó ń sọ aago mìíràn di ẹgbẹ̀ta dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ojú tó ń dán gbinrin, àwòrán ilẹ̀, ààyè fún orin, irin tí kì í tètè ha àti dígí líle. Ẹni tó ń sáré nínú igbó tàbí lórí òkè tí kò mọ̀ rí yóò jàǹfààní àwòrán ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré lọ sáré bọ̀ létí òkun Libreville, tí omi wà lápá kan tí títì wà lápá kejì, kí ni yóò fi àwòrán ilẹ̀ ṣe?

Fóònù náà ní GPS, ó sì lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àmọ́ fóònù tó ń tàn lọ́wọ́ ẹni tó dá nìkan ń sáré nínú òkùnkùn ń pe olè. Èyí nìkan tó ìdí láti ra aago kékeré tí kò pe àfiyèsí. Ní ti ẹni tó jẹ́ pé pápá ìṣeré kan náà ló ń yí ká lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, aago lásán tó ń ka ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tó o, kó tọ́jú owó rẹ̀ fún bàtà.

Báwo ni aago ṣe ń mọ ibi tí ẹ wà?

GPS jẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà. Sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́ gòkè ní ọdún 1978, wọ́n sì kéde ní 1995 pé ó ti pé pérépéré. Nǹkan bí 20,200 kìlómítà ni àwọn sátẹ́láìtì náà fi jìnnà sí ilẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò ju ti olókìkí lọ: ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kéde ibi tó wà àti agogo tó lù. Aago ọwọ́ yín á gbọ́ ìkéde náà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì mẹ́rin ó kéré tán, á wo bí ìkéde kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà, á sì ṣírò ibi tí ẹ dúró sí. Ìrìn-àjò náà kò gbà ju nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìṣirò àkókò bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá yẹ̀, àṣìṣe ọ̀ọ́dúnrún mítà ló bí yẹn.

Ọmọ aláwọ̀ dúdú kan wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Gladys West, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Virginia ní ọdún 1930, ṣe ìṣirò bí ayé ṣe rí gan-an, nítorí pé ayé kò rí rogodo bíi bọ́ọ̀lù. Ọdún 2018 ni iléeṣẹ́ ológun òfurufú Amẹ́ríkà tó ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn aṣáájú nínú iṣẹ́ náà.

Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000, Amẹ́ríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ da àmì tí àwọn ará ìlú ń gbà rú. Ààrẹ Bill Clinton ló ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Garmin sì gbé Forerunner àkọ́kọ́ jáde. Lónìí, Rọ́ṣíà ní GLONASS, ilẹ̀ Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou. Aago tó ń gbọ́ ti gbogbo wọn ní olókìkí púpọ̀ láti fetí sí, ìyẹn sì ṣe pàtàkì níbi tí ilé tàbí igi bá ti bo apá kan ojú ọ̀run.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ sárésáré kò fi sọ́kàn: aago kì í wọn ojú ọ̀nà bí ẹni fi okùn wọn ilẹ̀. Àmì kéékèèké ló ń tò sílẹ̀, tó sì ń fa ìlà láti ọ̀kan sí èkejì. Bí àwọn àmì náà bá ń ta gìrì sọ́tùn-ún sósì, àròpọ̀ ìlà á gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá jìnnà síra, aago á gé kọ́nà kúrò, ọ̀nà á sì kúrú. Nítorí náà, bí aago yín bá fún yín láyè láti yàn, ẹ jẹ́ kó máa kọ ibi tí ẹ wà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ìdí nìyí tí aago fi sábà máa ń sọ pé eré ìje gùn ju 42.195 kìlómítà lọ. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti ṣe òdiwọ̀n táyà rẹ̀ ni àwọn awọnlẹ̀ fi ń wọn ojú ọ̀nà eré ìje, wọ́n á sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún kún un, ìyẹn nǹkan bí mítà méjìlélógójì, kí ọ̀nà má baà kúrú. Ẹ wá ro bí ẹ ṣe ń yà fún èèyàn, tí ẹ ń yà síbi omi, tí aago náà sì ń ta gìrì díẹ̀díẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí aago rẹ̀ ka 42.7 kò ní ẹ̀sùn kankan láti fi kan àwọn tó ṣètò eré.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀?

Láàárín ilẹ̀ àti sátẹ́láìtì, láti nǹkan bí ọgọ́rin kìlómítà lókè títí dé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan, ìpele òfurufú kan wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní ionosphere. Ìtànṣán oòrùn máa ń ya àwọn ẹ̀yà tíntìntín kúrò lára afẹ́fẹ́ ibẹ̀, àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí sì ń fa àmì sátẹ́láìtì sẹ́yìn bó ṣe ń kọjá. Agbègbè tó yí ìlà agbedeméjì ayé ká ni ìpele yìí ti nípọn jù. Gabon, Nàìjíríà, Benin àti Togo ló wà nínú rẹ̀.

Bí oòrùn bá wọ̀, ìsàlẹ̀ ìpele náà á tètè fúyẹ́. Àwọn ibi tó fúyẹ́ yìí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè gba inú èyí tó nípọn kọjá, bí epo ṣe ń ru wá sójú omi. Àmì tó bá gba àárín wọn kọjá á máa ṣẹ́jú, á lágbára lẹ́ẹ̀kan, á rẹ̀wẹ̀sì lẹ́ẹ̀kan, bí ìràwọ̀ ṣe máa ń ṣẹ́jú lóru. Aago lè pàdánù sátẹ́láìtì kan tàbí méjì fún ìgbà díẹ̀, kó sì rí wọn padà. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú títí di ìdajì òru ló máa ń wọ́pọ̀, ní pàtàkì ní sáà oṣù Kẹta àti sáà oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba káàkiri ayé. Ó tún máa ń le sí i ní àwọn ọdún tí oòrùn bá ń gbóná janjan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, NASA àti NOAA ti Amẹ́ríkà kéde pé oòrùn ti wọ irú sáà bẹ́ẹ̀, èyí tó máa ń padà wá ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá mọ́kànlá.

Libreville kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní N'Koltang, nítòsí ìlú náà, ibùdó kan wà tó ń gba àmì sátẹ́láìtì lọ́sàn-án lóru, tí orúkọ rẹ̀ nínú ètò àwọn ibùdó GPS àgbáyé ń jẹ́ NKLG. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń tọpa ìṣẹ́jú àmì yìí ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ náà sí ìwọ̀n tirẹ̀. Ìfàsẹ́yìn tí ionosphere ń fà lójoojúmọ́ kì í yí padà wàràwàrà. Ó lè ti gbogbo ojú ọ̀nà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní mítà mélòó kan, tí àwòrán á fi dà bíi pé orí òkun lẹ ti ń sáré, síbẹ̀ kí iye kìlómítà péye. Ìṣẹ́jú àmì ló burú jù, torí òun ló ń mú kí ìlà fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Agbedeméjì ayé sì ní àǹfààní tirẹ̀: nítorí bí ọ̀nà àwọn sátẹ́láìtì GPS ṣe tẹ̀ lókè, ẹni tó wà ní Libreville tàbí Èkó ń rí wọn níhà àríwá, níhà gúúsù àti lókè orí rẹ̀, nígbà tí ẹni tó wà ní London ní àlàfo kan lójú ọ̀run àríwá tí wọn kì í gbà kọjá.

Ilé gíga àti igi ń ṣe jàǹbá ju ojú ọ̀run lọ

Fún ọ̀pọ̀ sárésáré, ohun tó ń da aago rú jù kò jìnnà rárá. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àmì sátẹ́láìtì máa ń ta lára ògiri àti dígí kó tó dé ọwọ́ yín, bí ohùn ṣe ń ta padà lára àpáta. Aago á wá gbọ́ ìkéde kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́. Ẹni tó bá gba Broad Street tàbí Marina ní Erékùṣù Èkó kọjá yóò rí i nínú àwòrán eré rẹ̀ pé òun gba inú báńkì wọlé. Kí ẹni kan náà sáré lórí afárá Third Mainland, tó gùn tó 11.8 kìlómítà tí kò sí nǹkan kan lókè rẹ̀, ìlà á gún régé. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń sá eré ìje London mọ èyí dáadáa: bí wọ́n bá ti dé àárín àwọn ilé gogoro Canary Wharf, aago á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ nípa bí wọ́n ṣe yára tó.

Ní Libreville, etí òkun ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àárín àwọn àdúgbò híhá tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní mapane ló yàtọ̀, níbi tí páànù ti súnmọ́ páànù. Bákan náà ni inú igbó Arboretum Raponda Walker ní àríwá ìlú, níbi tí ewé tútù ti ń mu àmì bí ìlẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi.

Irú ibi báyìí ni ìgbì méjì ti wúlò. Ìgbì kan, ti 1575.42 megahertz, ni gbogbo aago ń gbọ́. Aago onígbì méjì tún ń gbọ́ ti 1176.45. Ìkéde tó wà lórí ìgbì kejì yìí já gaara ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó sì rọrùn fún aago láti fi mọ èyí tó tọ̀nà tààrà wá yàtọ̀ sí èyí tó ta lára ògiri. Ohun tó ń ná ni bátìrì. Bó bá jẹ́ títì gbalaja lẹ ti ń sáré, ẹ má sanwó lé e. Bó bá jẹ́ àárín ilé gíga tàbí abẹ́ igi, ẹ san án.

Ọgbọ́n kan tún wà tí kò gba kọ́bọ̀. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ jẹ́ kí aago fojú kan fóònù yín, kó lè gba ìsọfúnni tuntun nípa ibi tí sátẹ́láìtì wà. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró jẹ́ẹ́ níbi tó ṣí sílẹ̀ títí aago á fi sọ pé òun ti rí wọn, kí ẹ sì fún un ní bí ìṣẹ́jú kan sí i. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan aago kò ju ìkánjú ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ.

Ìlùkìkì ọkàn: níbi tí àṣìṣe ti lè pa èèyàn

Bí aago bá fi àádọ́ta mítà ṣìnà, kò sí ẹni tó kú. Ọ̀rọ̀ ọkàn yàtọ̀.

Iná aláwọ̀ ewé tó ń tàn lẹ́yìn aago ló ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọ inú awọ ara tó sì ń fà sẹ́yìn. Èròjà tó mú kí awọ wa dúdú náà máa ń gba iná yìí sára, nítorí náà ìbéèrè tó tọ́ ni láti béèrè bóyá aago ń ka tiwa dáadáa. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ní Fásitì Duke ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2020 kò rí ìyàtọ̀ gbòógì láàárín àwọ̀ kan àti èkejì ní ti ìlùkìkì ọkàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé aago máa ń ṣàṣìṣe ju ti ìgbà ìsinmi lọ bí ara bá ń mira. Ti afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé e jáde pé ẹ̀rọ tí àwọn ilé ìwòsàn ń fi há ìka aláìsàn máa ń fojú fo àìtó afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, kò sí ìdí láti sanwó lé irú rẹ̀ lára aago.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nígbà eré sísá ni kí aago máa ka ìṣísẹ̀ yín dípò ọkàn yín. Ọ̀pọ̀ sárésáré ń gbé ẹsẹ̀ ní nǹkan bí 160 sí 180 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Bí aago bá ṣe ọ̀lẹ̀ lọ́rùn ọwọ́, ìmìtìtì yìí ló máa rí, á sì kọ 170 sílẹ̀ fún ọkàn tí kò ju 140 lọ. Ó tún lè ṣe òdìkejì, kó kọ iye tó lọ sílẹ̀ fún ọkàn tó ti ń lù kíkankíkan. Ẹ so aago náà le díẹ̀, kó kúrò lórí eegun ọrùn ọwọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ìlùkìkì ọkàn darí eré yín ní tòótọ́, bẹ́líìtì àyà ló yẹ kí ẹ rà. Iná mànàmáná tí ọkàn fúnra rẹ̀ ń tú jáde ló ń gbọ́, kì í wo awọ. Ilé-iṣẹ́ Polar ti ilẹ̀ Finland ti ń tà á láti ọdún 1982, iye rẹ̀ sì sábà máa ń kéré sí ìdajì owó aago. Ẹni tó bá ní 200,000 fáráǹkì lápò yóò jèrè jù bó bá ra aago pọ́ọ́kú pẹ̀lú bẹ́líìtì àyà, ju kó kó gbogbo rẹ̀ lé aago kan tó ń dán lọ.

Ìdí tí èyí fi ṣe kókó ní agbègbè wa ni ooru. Ní Libreville tàbí Cotonou, omi ti pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí òógùn fi lè tètè gbẹ, bí òógùn kò bá sì gbẹ, ara kì í tutù. Ọkàn á máa yára sí i bí eré ṣe ń gùn, bí ẹsẹ̀ kò tilẹ̀ yára sí i. Aago lè túmọ̀ èyí sí pé agbára yín ti dínkù. Ìṣirò tó ní kí ẹ yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220 láti mọ òpin ìlùkìkì ọkàn yín náà kì í ṣe òfin; fún ẹlòmíràn, ó fi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ̀. Kò sí aago ọwọ́ lásán tó lè wọn bí inú ara yín ṣe gbóná tó. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí èébì bá ń gbé yín, tàbí bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu ẹni tí ẹ jọ ń sáré, ẹ dúró, ẹ wá ibòòji, ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ohun yòówù kí aago máa sọ.

Tuntun àbí tòkunbọ̀?

Bátìrì aago tuntun kì í ṣe ìṣòro fún ẹni tó ń sáré wákàtí kan lóòjọ́. Kódà níbi tí iná ọba ti ń ṣe ségesège, aago tó ń lo ogún wákàtí lórí GPS yóò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó béèrè iná. Òjò kò ní ṣe aago tí wọ́n kọ "5 ATM" sí lára ní nǹkankan, ṣùgbọ́n ẹ fi omi lásán ṣan òógùn àti iyọ̀ òkun kúrò.

Tòkunbọ̀ ló gba àkíyèsí. Bátìrì rẹ̀ lè ti gbó, pàápàá bó bá ti gbé inú ooru pẹ́. Ẹ rí i dájú pé olówó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè jẹ́ irin lásán lẹ rà. Bí aago náà bá ti dàgbà gan-an, ẹ wo bóyá ó mọ ọjọ́ òní: ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin ọdún 2019, kàlẹ́ńdà inú GPS padà sí òdo, bó ṣe máa ń ṣe ní nǹkan bí ogún ọdún síra, àwọn ẹ̀rọ kan tí wọn kò tún ṣe sì ń sọ ọjọ́ tó ti kọjá tipẹ́.

Ẹ̀tàn mìíràn tún wà. Àwọn aago pọ́ọ́kú kan ń jẹ́ "GPS" lára páálí, ṣùgbọ́n GPS fóònù yín ni wọ́n ń yá lò. Yálà Mont-Bouët ní Libreville lẹ wà, Dantokpa ní Cotonou tàbí Computer Village ní Ìkẹjà, ìdánwò rẹ̀ kò le: ẹ pa fóònù, ẹ bọ́ síta gbangba pẹ̀lú aago náà lọ́wọ́, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí kò bá fa ìlà, kò ní GPS nínú.

Ta ló ń wo ibi tí ẹ ń sá gbà?

Ní oṣù Kínní ọdún 2018, àwòrán àgbáyé tí áàpù Strava gbé jáde láti inú eré àwọn oníbàárà rẹ̀ tú àṣírí àwọn ibùdó ológun, nítorí pé àwọn sójà ń sáré yí wọn ká pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìwé ìròyìn Le Monde ti ilẹ̀ Faransé fi hàn pé áàpù kan náà ni wọ́n lè fi tọpa àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ Faransé, ti Amẹ́ríkà àti ti Rọ́ṣíà. Bí ẹ̀ṣọ́ ààrẹ kò bá bọ́, obìnrin tó ń dá sáré ní aago márùn-ún ìdájí lójú ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́ ní ìdí láti ṣọ́ra. Ṣáájú eré àkọ́kọ́, ẹ wọ inú áàpù náà, ẹ sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀yin nìkan lè rí, kí ẹ sì bo ibi tí ẹ ti gbéra mọ́lẹ̀, torí ilé yín ni.

Ó tún dára kí aago lè tọ́jú eré sínú ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn jàǹdùkú orí íntánẹ́ẹ̀tì kọlu Garmin ní oṣù Keje ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni áàpù rẹ̀ fi dákẹ́. Eré tó wà nínú aago kò sọnù.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtà pé ọjọ́ mélòó lẹ ní láti dá a padà, kí ẹ sì lo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹ wá pápá ìṣeré tó ní ojú ọ̀nà irinwó mítà, ẹ gba ìlà tó wà nínú pátápátá, ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kìlómítà mẹ́rin nìyẹn. Bí aago bá ka láti 3.9 sí 4.1, kò burú, torí ibi tó ń yípo máa ń dá GPS láàmú ju ọ̀nà tó gún lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ojú ọ̀nà tí ẹ ti ń sáré gan-an, ẹ sá a ní ìdájí ọjọ́ mẹ́ta àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì fi iye kìlómítà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wé ara wọn.

Bí ti ìdájí bá ń yàtọ̀ síra wọn gan-an lójú ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, aago náà ní àbùkù, ẹ dá a padà. Bí ti ìdájí bá bára mu, tó jẹ́ pé ti ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, pàápàá bó bá jẹ́ oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹsàn-án, ojú ọ̀run ni. Aago mìíràn láti ọwọ́ olùtà kan náà kò ní ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.